Ẹ Fún Ibrahim ní Ojú Tirẹ̀: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Mosfilm

Sí ẹ̀yin ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ fíìmù Mosfilm, ní Moscow,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìfaradà òtútù. Láti 1924 lẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá ti lé ní 100 ọdún, a kì í dúró kí i nílẹ̀ wa, nítorí náà mo kúnlẹ̀ kí yín kí n tó sọ ohun tó gbé mi wá.

Ọ̀rọ̀ fíìmù kan ni. Ẹ ṣe é ní 1976, orúkọ rẹ̀ sì gùn ní èdè yín. Bí a bá fẹ́ pè é ní Yorùbá, yóò di Ìtàn Bí Ọba Peter Ṣe Fẹ́yàwó fún Arap Rẹ̀. Arap ni ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí àwọn ará Rọ́ṣíà fi ń pe ènìyàn dúdú. Kì í ṣe Lárúbáwá, bó tilẹ̀ dún bẹ́ẹ̀ létí. Alexander Mitta ló darí fíìmù náà, inú ìtàn tí Alexander Pushkin bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ní 1827 tí kò kọ parí ni wọ́n sì ti yọ ọ́. Ìtàn ẹbí Pushkin fúnra rẹ̀ ni. Ibrahim Hannibal tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni baba tó bí bàbá ìyá rẹ̀, ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ní kékeré, tó dé ààfin Peter Ńlá, tí ọba sì mú bí ọmọ. Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ ń ka lẹ́tà yìí pẹ̀lú àwọn tí mo kọ ọ́ sí, bẹ́ẹ̀ ni: Pushkin tí gbogbo Rọ́ṣíà gbà pé kò sí akéwì tó jù ú lọ, ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà wà lára rẹ̀, kò sì fi pamọ́ rí.

Vladimir Vysotsky, òṣèré tó tún jẹ́ olórin, ló ṣe Ibrahim. Òyìnbó ni Vysotsky. Ẹ fi ìpara kùn ún títí ó fi dúdú, ẹ dé wíìgì onírun kíká lé e lórí, ẹ ní kó jáde síwájú kámẹ́rà.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìtàn yìí ṣe, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ Áfíríkà ṣe Ibrahim.

Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Moscow, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ fíìmù náà létí mi. Ó wà lọ́dọ̀ yín nígbà tó jáde, ó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Ìgbà òtútù ni. Òun àti ọmọ Ghana kan tí wọ́n jọ ń gbé yàrá tọ́jú owó tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì-méjì, wọ́n bá gba sinimá lọ. Ilé kún fọ́fọ́. Nígbà tí ojú Ibrahim kọ́kọ́ yọ lára aṣọ funfun, ọmọ Ghana náà fi ìgúnpá gún un ní ìhà, kò sọ nǹkan kan. Wọ́n wò ó dé òpin. Bí iná ṣe tàn báyìí, ìlà mẹ́ta tó wà níwájú wọn yíjú padà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń wò wọ́n.

Ìyá àgbà kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Moscow, ó gbé fìlà onírun rẹ̀ lé itan. Ó rọra bi í pé, "Ọmọ mi, Vysotsky wa ṣe é dáadáa, àbí kò ṣe é dáadáa?"

Bàbá Moscow ní, "Ó ṣe é dáadáa, Màmá."

Ìyá náà lanu sílẹ̀. Ó ní, "Háà! O gbọ́ Rọ́ṣíà!"

Bàbá Moscow ti lé ní 70 ọdún báyìí. Kò bínú sí ìyá yẹn rí. Ó ní irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ ló ṣe òun lóore jù ní gbogbo ọdún tí òun fi wà níbẹ̀. Èmi náà kò bínú sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ìyá náà sọ kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ọ. Ní ọdún tí ẹ ń pa ìpara mọ́ Vysotsky lójú, àwọn ọmọ Áfíríkà tó ń sọ Rọ́ṣíà bí ẹní ń mumi ń wọ bọ́ọ̀sì kan náà pẹ̀lú yín. Yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1960 nítorí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa àti àwọn ọmọ Éṣíà àti Gúúsù Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì fi orúkọ Patrice Lumumba pè ní 1961, inú Moscow kan náà ló wà. Àwọn tó jọ Ibrahim wà nínú sinimá, wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n jókòó sínú òkùnkùn, wọ́n ń wo ara wọn lójú ẹlòmíràn.

Èmi kò wo fíìmù náà títí di ọdún tó kọjá. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Bàbá Moscow ní Ìbàdàn, a gbé fóònù mi ti agolo mílíìkì, ó ń tú ọ̀rọ̀ fún mi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Mo ti múra ìbínú sílẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo múra dè. Vysotsky mọ iṣẹ́. Kò fi ènìyàn dúdú ṣe yẹ̀yẹ́, kò yí ahọ́n padà, kò fò sókè sódò. Ohùn rẹ̀ tó ha, èyí tí ilẹ̀ yín fẹ́ràn nínú orin rẹ̀, ló fi ń sọ̀rọ̀, ó sì ń dúró bí ẹni tó mọ iyì ara rẹ̀ láàárín àwọn tí wọn kò tíì pinnu bóyá kí àwọn kà á sí ènìyàn. Irina Mazurkevich tó ṣe Natasha kéré lójú, ó dà bí ọmọ ẹyẹ. Orin Alfred Schnittke ṣì ń dún létí mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ibi tó mú mi lọ́kàn jù ni ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ọba pinnu pé Natasha, ọmọ ìjòyè Rtishchev, ni Ibrahim máa fẹ́. Kò bi ọmọ léèrè. Ó tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bàbá tó bí i gan-an kò lè sọ pé rárá, nítorí alárinà tó wá sílé rẹ̀ ló ni orí rẹ̀. Èmi mọ ohun tí "fẹ́yàwó fún" túmọ̀ sí. Ìyá ìyá mi wà lára àwọn tí wọ́n fi fún ọkọ láìbi wọ́n. Ó máa ń sọ fún wa pé ìgbà tí òun gbọ́ ìlù tí òun béèrè pé ta ló ń ṣe ìgbéyàwó ni wọ́n sọ fún òun pé òun ni. Nítorí náà, nígbà tí Ibrahim kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní fi tipátipá mú obìnrin, tó kọ̀ ọ́ lójú ọba tó ra ayé fún un, omi bọ́ lójú mi. Mo fẹ́ kí ìyá ìyá mi wà níbẹ̀ kó gbọ́ ọ.

Omi ojú náà kò sì dí mi lọ́wọ́ kí n má rí ìpara.

Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí mo wá lọ ka ìwé Pushkin, mo rí i pé ọ̀rọ̀ ojú gan-an ló kọ. Ibrahim rẹ̀ wà ní Paris, ọba ló rán an lọ kàwé níbẹ̀. Gbogbo àwọn olówó ń pè é wá sí àríyá wọn, àwọn obìnrin ń rọ́ yí i ká. Pushkin kọ ọ́ pé ọkùnrin náà mọ̀ pé bí ẹranko tí a kì í rí lójoojúmọ́ ni wọ́n ń wo òun, ó sì ń jowú àwọn tí ẹnikẹ́ni kì í bojú wò. Ẹni tí wọ́n bá ti wò bẹ́ẹ̀ rí kò ní í ka gbólóhùn yẹn kó má dáwọ́ dúró. Nígbà tí ìyàwó ìjòyè kan tó ń fẹ́ Ibrahim ní kọ̀rọ̀ fẹ́ bímọ, ìlú ti ń ta tẹ́tẹ́ pé ṣé funfun lọmọ máa jẹ́ àbí dúdú. Ọmọ náà dúdú. Wọ́n gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ olómorí, wọ́n gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé gbé e jáde, wọ́n gbé ọmọ funfun ẹlòmíràn sí àyè rẹ̀ kí ọkọ má baà mọ̀. Ibẹ̀ ni Pushkin ti fi ọmọ náà sílẹ̀, kò sì sọ ohun tó dà mọ́. Ohun tó ṣe mí ní kàyéfì ni pé ẹni tó ń kọ èyí wà láàárín àwọn tó ń wo ojú òun náà láti mọ ibi tí Áfíríkà fara pamọ́ sí. Ní 1830, Faddei Bulgarin tó ń ṣe ìwé ìròyìn kọ ọ́ jáde pé ìgò ọtí kan ni ọ̀gákọ̀ fi ra baba ńlá akéwì kan. Pushkin fi ewì dá a lóhùn pé ọ̀gákọ̀ tó rà á yẹn ni ọba tó tukọ̀ ilẹ̀ Rọ́ṣíà gbogbo.

Ibrahim padà sílé. Ọba lọ pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà ní Krasnoye Selo, ó ti ń dúró dè é níbẹ̀ láti àná, ó fẹnu kò ó lórí. Inú mi máa ń dùn níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọba wá Natasha lọ fún un. Nínú ìwé, ọmọbìnrin náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tí bàbá rẹ̀ ń sọ fún àwọn ẹbí. Ó dákú, orí rẹ̀ sì gbá àpótí onírin tí wọ́n kó ẹrù ìyàwó rẹ̀ sí. Ẹ wo irú nǹkan tí òǹkọ̀wé rí! Àpótí tó yẹ kó gbé lọ sílé ọkọ ló fọ́ ọ lórí. Orí mẹ́fà àti ìbẹ̀rẹ̀ ìkeje ni Pushkin kọ, ó sì gbé kálámù sílẹ̀. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1837 ló fún un lórúkọ.

Ẹ̀yin lẹ bá a parí rẹ̀, ẹ sì fi ìfẹ́ parí rẹ̀. Mi ò bá yín jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n Vysotsky fọ ojú rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó fi ṣe fíìmù náà. Ohun tí Pushkin kọ ni ojú tí kò ṣeé fọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkùnrin náà gan-an, nítorí òun ló ń jẹ mí lọ́kàn ju fíìmù lọ. Abram Petrovich Gannibal ni ìwé ìjọba ń pè é. Ní nǹkan bí 1696 ni wọ́n bí i. Wọ́n mú un láti Constantinople wá sọ́dọ̀ ọba Peter, wọ́n sì ṣe ìsàmì fún un ní Vilnius ní 1705, ọba fúnra rẹ̀ ló dúró bíi bàbá ìsàmì. Wọ́n sọ ọ́ ní Peter. Pushkin kọ ọ́ sílẹ̀ pé ńṣe ni ọmọ náà sunkún, kò fẹ́ orúkọ tuntun, ni wọ́n bá jẹ́ kó máa jẹ́ Abram títí ó fi kú. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ọmọ kékeré yẹn di ìjánu tirẹ̀ mú lójú ọba. Pushkin tún kọ ọ́ pé ọmọ náà kò gbàgbé arábìnrin rẹ̀ Lagan, tó ń wẹ̀ tẹ̀lé ọkọ̀ tó gbé e lọ, lókèèrè. Mo ti ka gbólóhùn yẹn ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Kò gùn. Ọkọ̀ ń lọ, ọmọbìnrin kan wà nínú omi lẹ́yìn rẹ̀, bàbá àgbà kan ní Rọ́ṣíà ṣì ń rí i.

Níbo ni omi yẹn wà? Ó pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń sọ pé Ethiopia ni wọ́n ti gbé e. Ṣùgbọ́n nígbà tí Gannibal ń kọ̀wé sí ọbabìnrin Elizabeth ní 1742, ó ní ìlú tí wọ́n ń pè ní Lagon, ìlú tí bàbá òun ń ṣe olórí rẹ̀, ni wọ́n ti bí òun. Dieudonné Gnammankou, ọmọ orílẹ̀-èdè Benin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yẹn láàárín ọdún 1990 sí 1999, ó sì fi hàn pé Logone-Birni, nítòsí adágún Chad ní Kamẹrúùnù òde òní, ló bá a mu jù. Inú mi dùn pé ọmọ Áfíríkà ló wá ilé kiri fún un.

Peter mú un lọ sí ilẹ̀ Faransé ní 1717, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀ láti kàwé. Iṣẹ́ ìbọn ńlá àti odi kíkọ́ ló kọ́ ní La Fère. Ó padà ní 1723. Ní 1726, ó ti kọ ìwé lórí ìṣirò àti odi, ó gbé e fún ọbabìnrin Catherine. Ọba Peter ti kú ní 1725, àwọn tó gba agbára lẹ́yìn rẹ̀ kò fẹ́ ojú rẹ̀ rí, wọ́n rán an lọ sí Siberia ní 1727 pé kó lọ kọ́ odi lẹ́bàá ààlà China. Ó bọ́ níbẹ̀. Elizabeth gorí ìtẹ́, ó fi í ṣe ọ̀gá àgbà odi Reval, ìlú tí wọ́n ń pè ní Tallinn lónìí, ó sì fún un ní ilẹ̀ Mikhailovskoye, níbi tí ọmọ-ọmọ-ọmọ rẹ̀ máa jókòó sí ní 1827 láti kọ ìtàn rẹ̀. Ó di ọ̀gágun àgbà ní 1759. Ivan ọmọ rẹ̀ ló dá ìlú Kherson sílẹ̀ ní 1778. Bàbá náà kú ní Suida ní 1781. Nígbà tí mo ka gbogbo èyí fún Bàbá Moscow, ẹni tó fi 30 ọdún ṣe iṣẹ́ omi àti afárá lábẹ́ ìjọba, ó dákẹ́ pẹ́, ó wá ní, "Iṣẹ́ kan náà la jọ kọ́."

Nísinsìnyí, ìgbéyàwó. Peter kò fẹ́yàwó kankan fún un. Ọdún 6 lẹ́yìn tí Peter kú, ní 1731, ni Gannibal gbé Evdokia Dioper níyàwó, ọmọ ọ̀gákọ̀ kan tó jẹ́ ará Gíríìkì. Ọmọ náà kò fẹ́ ẹ. Ó ní ẹlòmíràn lọ́kàn. Bàbá rẹ̀ ló fi í fún un. Ìgbéyàwó náà di ìjà, ó di ẹjọ́, ó di ẹ̀wọ̀n: ọdún 11 ni obìnrin náà fi wà ní àtìmọ́lé, wọn kò sì tú ìgbéyàwó náà ká pátápátá títí di 1753. Kí ẹjọ́ náà tó parí, Gannibal ti gbé Christina Regina ní 1736, òun ló bí àwọn ọmọ tí Pushkin tara wọn wá. Àwọn ará Rọ́ṣíà tó mọ ìtàn mọ èyí. Mo mẹ́nu kàn án kí ẹ má baà rò pé ẹni mímọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ fi ṣe. Ọkùnrin tó sọ pé òun kò ní fi tipátipá fẹ́ obìnrin, ọwọ́ yín ló ti wá. Ẹni gidi náà fi tipátipá fẹ́ ẹ, ó sì fìyà jẹ ẹ́. Ìyá ìyá mi ì bá mọ Evdokia dáadáa. Ẹni tí wọ́n ti tà rí, tó tún wá gba obìnrin tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ bí ẹrù: ẹ lè fi ìyẹn ṣe fíìmù tí ayé kò ní í gbàgbé, tí ẹ bá ní ọkàn láti ṣe é.

Nǹkan kan tó kù nípa rẹ̀ ló jẹ́ kí n jókòó kọ lẹ́tà yìí. Kò sí àwòrán rẹ̀ tó dájú. Èyí tí wọ́n ti ń pè ní tirẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn onímọ̀ ń jiyàn lé e lórí, ọ̀pọ̀ wọn ló sì gbà pé ọ̀gágun mìíràn ni. Ẹ rò ó wò. Ọkùnrin tí gbogbo ayé ń wò ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ojú rẹ̀ ló sọnù. Nígbà tí ọmọ ilé-ìwé kan ní Rọ́ṣíà bá fẹ́ ro bí baba ńlá Pushkin ṣe rí, ojú wo ló máa wá sí i lọ́kàn? Ojú Vysotsky ni, pẹ̀lú ìpara. Ẹ̀yin ni ojú tó ní lọ́wọ́ yín.

Kì í ṣe pé ẹ kò mọ bí a ti ń ṣe é. Ní 1936, nínú fíìmù Tsirk tí ẹ ṣe, ẹ gbé ọmọ dúdú gidi kan, James Patterson, láti ọwọ́ dé ọwọ́ láàárín àwọn òǹwòran, wọ́n ń fi èdè yìí kọrin fún un, wọ́n ń fi èdè tọ̀hún kọrin fún un, títí ó fi sùn. Mo fi han àwọn ọmọ mi, wọ́n ní kí n tún un fi hàn wọ́n. Bàbá ọmọ yẹn wà lára àwọn ènìyàn dúdú láti Amẹ́ríkà tí wọ́n pè wá sí Moscow ní 1932, pẹ̀lú Langston Hughes akéwì, láti ṣe fíìmù kan tí wọn kò ṣe mọ́. Wayland Rudd bá wọn wá, ó dúró, ó sì ṣe ọkùnrin dúdú kan tó ń jẹ́ Hercules nínú fíìmù kan tí wọ́n ṣe ní 1945. Ní 1858 pàápàá, kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ fíìmù, Ira Aldridge, ọmọ dúdú láti New York, ṣe Othello, ọ̀gágun dúdú inú eré Shakespeare, ní St Petersburg, ìlú dìde fún un. Taras Shevchenko ya àwòrán rẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Aldridge ní ojú. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ẹ fi ìpara kun Sergei Bondarchuk fún Othello ní 1955, tí ẹ sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún Vysotsky lẹ́yìn ọdún 21.

Wọ́n á ní bí ayé ṣe rí nígbà yẹn nìyẹn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ ní ìlú tí kò sí ènìyàn dúdú. Wọ́n á ní Vysotsky ni Mitta fẹ́, àti pé nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ipa náà. Èyí yé mi. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ràn ipa náà, pé ó kọ orin méjì fún un, Kupola àti Razboynichya, tí wọn kò fi sínú fíìmù, àti pé wọ́n pa orúkọ fíìmù dà títí Ibrahim fi bọ́ sẹ́yìn ọba. Òun náà gba tirẹ̀. Ó kú ní 1980, ọmọ ọdún 42. N kò ní kí ẹ gé e kúrò, n kò ní kí ẹ pa á mọ́. Ẹ jẹ́ kó wà níbi tó wà, kí àwọn ọmọ wa wò ó, kí wọ́n gbọ́ ohùn yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ pé ìtàn kì í tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ṣe Anna Karenina ní 1967. Lẹ́yìn ọdún 50, ní 2017, Karen Shakhnazarov, ọ̀gá yín, tún un ṣe láti ẹnu Vronsky, olólùfẹ́ Anna. Kò sẹ́ni tó sọ pé ti àkọ́kọ́ ti tó. Ní 2026, ti Ibrahim náà pé ọdún 50.

Tí ẹ bá máa ṣe é, ẹ má wá òṣèré tó lókìkí ní Hollywood. Ẹ wá ọmọ Áfíríkà tó gbọ́ Rọ́ṣíà. Wọ́n wà ní Moscow títí di òní. Yunifásítì yẹn tún ti gba orúkọ Lumumba padà ní 2023. Ẹ wá àwọn tí ìyá wọn jẹ́ ará Rọ́ṣíà tí bàbá wọn wá láti ọ̀dọ̀ wa, tí wọ́n dàgbà sí àárín yín, tí wọ́n mọ bí ó ṣe máa ń rí kí gbogbo ọkọ̀ ojú irin yíjú padà. Kò sẹ́ni tó máa kọ́ wọn ní apá yẹn nínú ipa náà. Ẹ jẹ́ kí Ibrahim ṣọ̀fọ̀ ọba Peter lójú wa. Ẹ jẹ́ kó jókòó sí Siberia kó máa ya àwòrán odi, kí íńkì dì sínú ìgò. Ẹ fi Evdokia hàn wá, ẹ má fi ẹnìkan bo ẹnìkan. Ìfẹ́ pẹ̀lú, ẹ má yọ ìfẹ́ kúrò: Christina bí ọmọ mẹ́wàá fún un, ó sì bá a dàgbà. Tí ẹ bá ń wá ibi tí ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí omi, kí kámẹ́rà wà nínú ọkọ̀ tó ń lọ, kí Lagan máa wẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn, kí ẹ má sì tètè yí kámẹ́rà kúrò lára rẹ̀.

Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, nítorí òun ni mo fi ń ronú, mo sì fẹ́ kí àwọn ènìyàn mi gbọ́ ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín. Bàbá Moscow ló ń tú u sí Rọ́ṣíà fún yín. Ìwé àjákọ ló fi ń kọ ọ́, ó sì ń gbé dikiṣọ́nárì rẹ̀ tó ti já lẹ́yìn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Alẹ́ àná ló dé ibi ọ̀rọ̀ ìyá onífìlà yẹn. Ó ní kí n fi kún un pé nígbà tí wọ́n jáde kúrò ní sinimá, ìyá náà di apá òun mú títí wọ́n fi dé ibùdókọ̀, nítorí ilẹ̀ ń yọ̀, àti pé òun kò mọ̀ títí di òní ẹni tó ń di ẹnìkejì mú kó má baà ṣubú nínú àwọn méjèèjì.

Tí ẹ bá fẹ́ dáhùn, ẹ fi Rọ́ṣíà kọ ọ́. A ní ẹni tó máa kà á.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ yín obìnrin, ní Ìbàdàn